Káàdì Mẹ́ta, Ojú Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé ọmọ-ọmọ mi ti ń rìn? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ẹni tó bá fojú burúkú wò ọ́ níbi iṣẹ́, ojú olúwarẹ̀ ni kó padà sí. Ojú ọ̀tún nìkan ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, bí ìlà bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má bínú, bí mo ṣe ń rán ṣòkòtò náà nìyẹn báyìí, àwọn oníbàárà mi ò sì tíì fẹjọ́ sùn.

Ọ̀rọ̀ ojú òsì ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí mo lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ojú, akọ̀wé ibẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní kí n lọ ná, kí n padà wá, nítorí òun rí obìnrin méjì mìíràn ládùúgbò wa tí ojú òsì ń yọ lẹ́nu bíi tèmi. Mo ní ta ni wọ́n, ó ní òun ò lè dárúkọ aláìsàn. Àánú wọn ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbàdúrà fún wọn láàárọ̀, mo sì rán áńkáṣíìfù méjì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi nu omijé.

Ìgbà tí mo kó wọn débẹ̀ ni akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní màmá, ẹ̀yin náà ni! Nígbà àkọ́kọ́, bàbá rẹ ló mú mi lọ, ó ní kí wọ́n kọ Ìyàwó Káfíńtà. Oníbàárà mi kan mú mi lọ lẹ́yìn náà, ó ní Ìyá Télọ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ló mú mi lọ kẹ́yìn, ó ní Màmá Àgbà, ṣé òun náà á fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ mi ni? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú káàdì kan, oògùn tó máa ń mú ara mi wú wà nínú òmíràn, ìwọ̀n ojú wà nínú ìkẹta. Wọ́n ní dókítà ò lè mú ọ̀bẹ àfi tí wọ́n bá kó o jọ di ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. O ti sọ fún mi pé ẹ máa ń kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà tó fọ́n káàkiri jọ sójú kan, èmi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìjà lò ń parí láàárín wọn. Màá lọ tún un sọ.

Akọ̀wé wá ní òun máa ti káàdì àkọ́kọ́ pa, nọ́ńbà fóònù inú ẹ̀ ò lọ mọ́. Ọwọ́ mi kọ̀, n ò fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà bàbá rẹ ni. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, pé tí nǹkan bá ṣe mí, òun ni kí wọ́n pè. Láti ọdún mẹ́ta tó ti lọ, ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ṣì kà á mọ́ alààyè. Mo sunkún, mo fi áńkáṣíìfù ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nu ojú.

Akọ̀wé fara balẹ̀, ó ní kò sóhun tí àwọn máa sọnù, orúkọ àtijọ́ á wà lábẹ́ tuntun, àmọ́ àwọn fẹ́ nọ́ńbà tí èèyàn á gbé. Mo fún wọn ní tìrẹ. Mo wá fọwọ́ sí i.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àti owó awò ojú ránṣẹ́, ti ẹnì kan ni kó o ṣírò, mo ti yéé jẹ́ mẹ́ta. Bó o ṣe ń tọ́jú mi, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, o ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Bí fóònù rẹ bá dún lọ́jọ́ náà, má sọ pé o wà ní ìpàdé. Ibi tí bàbá rẹ wà tẹ́lẹ̀ ni mo fi ọ́ sí. Gbé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo.