Tàdáwà Lójú Ìyá Rẹ

Sí ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, báwo ni ọkọ rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún? Mo kí gbogbo yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọ, ìjókòó rẹ ò ní yẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àga tí o jókòó lé ò ní ṣẹ́, bó bá sì fẹ́ ṣẹ́, gbé e wálé kí n bá ọ kàn án, nítorí àwọn káfíńtà ìgboro ò mọ̀ ju kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga lọ. Àlàáfíà la wà níbí, àyàfi pé ìyá rẹ ló wà lẹ́yìn.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já, kì í ṣe àìsàn. Òṣèlú ni. Ìyá rẹ kàn dìde lọ́jọ́ kan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà iwájú ilé wa ti bàjẹ́ débi pé aṣọ tí òun bá rán, ẹrẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kí oníbàárà tó wọ̀ ọ́, nítorí náà òun fẹ́ ṣe kánsílọ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Kí n tó mọ̀, fọ́tò rẹ̀ ti wà lára ògiri káàkiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí. Àmọ́ wọ́n ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa èèyàn kalẹ̀ ná, àwọn méjì ló sì ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́: ìyá rẹ àti Tísà Àgbà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó nà ọ́ nígbà kan nítorí pé o rẹ́rìn-ín lórí ìlà.

Àdúgbò mẹ́rin nínú wọ́ọ̀dù wa ló ń dìbò abẹ́lé yìí, àdúgbò kan lọ́sẹ̀ kan. Mẹ́ta ti lọ, Tísà ló ń léwájú, ó ku tiwa nìkan, àmọ́ tiwa ló tóbi jù. Gbogbo àdúgbò ò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju pé ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn tó báyìí ṣì lè wọlé. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ìsọ̀ mi ni wọ́n ti ń jà á. Onígbàjámọ̀ ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, òun ti ṣírò rẹ̀, ìyá rẹ ò ní ju ìdá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Mo yọ fóònù tí o rà fún mi, nítorí ìwọ lo sọ pé gbogbo ìròyìn ìdìbò á máa wọlé síbẹ̀, mo fi òkè rẹ̀ hàn án níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ọgọ́rin. Ó ní bátìrì nìyẹn. Mo ní ta ló fi bátìrì ṣe akọ̀wé ìdìbò? Òótọ́ ni pé nígbà tó di ọ̀sán ìyá rẹ ti já wálẹ̀ sí ogún, àyà mi já, mo sáré ki wáyà bọ̀ ọ́, kò pẹ́ tó fi ń gòkè padà. Mo wá rí i pé bí iná bá ti wà, ìbò á wà.

Àmọ́ onígbàjámọ̀ ò gbà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Inú bí mi, mo fi irùngbọ̀n mi ta tẹ́tẹ́. Bí ìyá rẹ bá fìdí rẹmi, kí onígbàjámọ̀ fá a kanlẹ̀. Bó bá wọlé, òun ni yóò máa gbá lẹ́búlẹ́bú pákó ìsọ̀ mi fún odidi oṣù kan. O mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni irùngbọ̀n yìí ti wà lẹ́nu mi, ìyá rẹ ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi pàápàá ti gbàgbé.

Mi ò sì fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kó ẹgbẹ́ káfíńtà jọ, torí kò sí àdúgbò tí a ò sí. Ìwọ náà dàgbà sínú ìsọ̀, o mọ bí a ṣe ń ṣe é: pákó tí kòkòrò bá ti jẹ, tàdáwà la máa ń fi sàmì sí i lára kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ṣe àga fún aláboyún. Pákó tó dáa, a kì í fi tàdáwà kàn án. Ìwé ìdìbò ọ̀hún, fọ́tò méjì ló wà lórí rẹ̀, ìyá rẹ àti Tísà, wọ́n á ní kí èèyàn ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, kó tẹ ọ̀kan. Wọn ò sọ èwo, wọ́n ní òfin ò gbà wọ́n láyè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó yé ọmọ ọwọ́ ni. Mo lọ kọ́ gbogbo káfíńtà àti ìyàwó wọn pé Tísà ni kí wọ́n tẹ̀, níwájú orí gan-an, kó má lè dìde mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyàwó mi. Wọ́n ṣe é bí mo ṣe wí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe ń kó èèyàn lọ sí i ni ìyá rẹ ń lọ sẹ́yìn sí i. Mo rò pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ lágbára tó ni. Ní àdúgbò kẹta, mo ní kí wọ́n fi agbára sí i, ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ẹ́ títí ìwé fi ya.

Sátidé yìí ni tiwa. Jọ̀wọ́ tètè fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi kó àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, àwọn náà fẹ́ tẹ Tísà.

Ìyá rẹ gan-an ló ń dùn mí. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ lánàá, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní gbogbo àwọn tó ń kí òun tẹ̀ríntẹ̀rín lójú pópó, àṣé wọn ò fẹ́ràn òun. Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ràn ìyá rẹ, n kì í sọ ọ́, o mọ̀ mí, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ibí ni mo dé tí mo gbé bírò sílẹ̀ lọ bá a. Ọjọ́ Àìkú nìyí tí mò ń parí rẹ̀. Owó ọkọ̀ tí mo béèrè lókè yẹn, fi í sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Mo ní kó má banú jẹ́ mọ́, pé a ti ń ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ fún un, pé kò sí káfíńtà kan tí kò tíì fi tàdáwà kun Tísà lójú. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n rọra sọ ọ́. Mo rọra sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé òòyì ló kọ́ ọ, mo fẹ́ sáré bu omi, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí mi ò fi mọ èwo ni ẹ̀rín èwo ni ẹkún. Ó wá ní ẹni tí èèyàn bá fi tàdáwà tẹ̀ ni ẹni tó yàn.

Mo bá a jiyàn. Mo ní àwọn tó ṣe òfin yẹn ò tíì ra pákó rí láyé wọn. Ìwọ fúnra rẹ sọ, nígbà tí Tísà máa ń fi tàdáwà pupa sàmì sí ìwé rẹ, ṣé ó fi ń yàn ọ́ ni? Ìyá rẹ ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, kí n lọ sọ fún àwọn èèyàn mi pé òun ni kí wọ́n tẹ̀. Mo ní mi ò lè kó odidi ẹgbẹ́ káfíńtà wá fi tàdáwà kun ìyàwó mi lójú. Ó ní òun yọ̀ǹda, òun á bọ́jú bó bá yá.

Ni mo bá lọ káàkiri, mo ń kó ọ̀rọ̀ ara mi jẹ. Onígbàjámọ̀ gbọ́, ó ní èyí tí mo ti bà jẹ́ ti pọ̀ jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ lójú mi.

Lọ́jọ́ ìdìbò, nígbà tó kàn mí, mo wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta, mo ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo wá wo fọ́tò ìyá rẹ. Ẹ̀rín tó rín sí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kan àpótí aṣọ fún un ló ń rín níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú, mo sì rọra tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí kò ti ní kan aṣọ rẹ̀ pàápàá.

Wọ́n ka ìbò lójú gbogbo wa. Àwọn káfíńtà ò já mi kulẹ̀, ìyá rẹ lé Tísà bá, ó sì fi ìbò méjì péré ta á yọ. Tísà ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n tún un kà, méjì náà ni. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní kò wúlò, wọ́n gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i: àmì àtàǹpàkò ńlá kan, tó ní àpá òòlù láàárín, létí ìwé lọ́hùn-ún, tó jìnnà réré sí ojú ìyá rẹ. Ìyá rẹ wo ìwé náà, ó wo àtàǹpàkò mi. Nígbà tí a délé, ó bu oúnjẹ fún mi, ẹran tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Onígbàjámọ̀ ti wá gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní ìṣirò òun ò ṣìnà, ìwà káfíńtà ni òun ò kà mọ́ ọn.

Ìdìbò gbogbogbòò ló kù báyìí. Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra fóònù mìíràn, èyí tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ kì í tètè lọ sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ tún máa já wálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o wà lẹ́yìn nínú ohun rere, bí o bá sì wà lẹ́yìn, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń wọlé ni. Wàá ròde re, wàá bọ̀ re, ọkọ rẹ á máa sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ olùdíje.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n máa fi kọ́ra kí ìdìbò ńlá tó dé, òun ló sì ya àpótí kékeré tí o rí nísàlẹ̀ yìí, tó ní kí n tẹ̀ka sáàárín rẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Bá mi wò ó dáadáa, kí o kọ̀wé sọ fún mi bó bá wọlé.