Omi Àdúrà Nídìí Efinrin

Màmá wa àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí Wòlíì àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ Dádì ti fúyẹ́, wọ́n ti padà síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí. Efinrin tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà lójú fèrèsé ń ṣe dáadáa. Ewé minti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ò gbádùn, torí omi ẹ̀rọ Ajah níyọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi àdúrà tí ẹ ní kí n mu láàárọ̀ ìdánwò ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbẹ́ efinrin ni mo gbé e sí. Rùkáyàt tá a jọ ń gbé yàrá, tá a sì jọ fẹ́ ṣèdánwò, fi gbogbo rẹ̀ bomi rin ín. Ó ní, "Mo rò pé ti ewé ni, ṣebí ìwọ lo ní omi ẹ̀rọ ò dáa fún un." Mi ò bá a jà. Láàárọ̀ ìdánwò, mo já efinrin náà sínú indómì, àwa méjèèjì jẹ ẹ́.

Èsì ti jáde. A yege, tiẹ̀ tún ju tèmi lọ.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò omi míràn ránṣẹ́. Tí ẹ bá ń gbàdúrà sí i, ẹ dárúkọ Rùkáyàt náà.

Ọmọọmọ yín,
Olúwatúnmiṣe