Ọkọ Ayaba Tó Wà Nínú Fúláàsì

Ulé Ọlọ́kùn-ẹṣin,
Ìtapàjí-Èkìtì,
Oṣù Kẹwàá, ọdún 2004.

Ìkẹ́olúwa, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Adérẹ̀mí ọkọ rẹ wà ní Èkó níbẹ̀? Àwa náà wà láàyè, à ń jẹun, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kì í gbọ́ràn. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ìparí òjò ọdún yìí kò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ bá mi kọ. Tó o bá rí ibi tó wọ́, fara dà á.

Ọ̀rọ̀ Ayaba ni, abo ẹṣin wa. O mọ̀ pé ẹṣin tí olórí ilé wa ń gùn lọ́jọ́ ọdún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹṣin rírà, àfi èyí tí a bí nínú agbàlá wa. Ayaba nìkan ló kù, ó sì ti lé lógún ọdún. Bàbá rẹ kò lè jẹun dáadáa mọ́, ó ní ṣé ojú òun báyìí ni ẹṣin yóò ṣe tán nílé baba òun. Ni Ọbáfẹ́mi, dókítà ẹran, bá ní òun yóò wá ọkọ fún Ayaba láti Ìlọrin.

Ha! Ṣé ẹni tó ń retí àna kì í gbálẹ̀ ni? Bàbá rẹ kọ́kọ́ ní kí Ọbáfẹ́mi lọ wádìí ìdílé ọkọ náà, bóyá kò sí àrùn burúkú níbẹ̀, torí a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọ baba rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, mo gúnyán, àwọn ìyàwó ilé wé gèlè, a kó obì àti oyin sínú àwo, a jókòó. Ọbáfẹ́mi bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú fúláàsì kan. Mo ní ọkọ dà? Ó ní ọkọ nìyí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, mi ò rí pátákò ẹṣin kankan. Ó ní nǹkan akọ ẹṣin, omi tó ń di ọmọ, ni wọ́n gbà sínú rẹ̀ tí wọ́n fi yìnyín tì í, pé akọ fúnra rẹ̀ wà ní Ìlọrin tó ń jẹ koríko, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti gbéyàwó. Bàbá rẹ rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní àna ni àna ń jẹ́. Ó gbé fúláàsì sórí ẹní, ó sì ṣàdúrà fún un. Ilésanmí àbúrò rẹ̀ ń bèèrè bóyá Mùsùlùmí ni, kí a má baà gbé ẹmu síwájú rẹ̀. Ọbáfẹ́mi ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i o. Òun nìkan ló jẹ iyán mi.

Ó fi í sínú Ayaba, àmọ́ ti àkọ́kọ́ kò dúró. Bàbá rẹ ní ọkọ ló bínú pé a ò kí òun dáadáa. Ọbáfẹ́mi ní rárá, ọjọ́ orí ni. Ó ní gbogbo abo ló gbé ẹyin ọmọ rẹ̀ wáyé, bí abo bá ṣe ń dàgbà ni ẹyin náà ń dàgbà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó fọ ilé ọmọ Ayaba, ó tún gbé fúláàsì mìíràn wá. Ìkẹ́, oyún ti dúró! Ó fi í hàn mí nínú ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, ohun bíńtín kan báyìí. Mo juwọ́ sí i, bóyá ó rí mi, mi ò mọ̀.

Mo wá fa Ọbáfẹ́mi sí kọ̀rọ̀, mo ní ṣé wọ́n ń ṣe irú èyí fún ènìyàn. Ó ní ó ti pẹ́, wọ́n ń ṣe é ní Èkó níbẹ̀, àmọ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é má jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Ọmọ mi, o ti ń sún mọ́ ogójì. Mo mọ̀ pé ikùn rẹ ni ìyá ọkọ rẹ ń wò kó tó wo ojú rẹ, ó sì ń dùn mí wọra. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: kí wọ́n tó gba nǹkan akọ Ìlọrin yẹn, akọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí nígbà mìíràn ọ̀dọ̀ akọ ni àléébù wà. Akọ ẹṣin o, tó ń wọ aṣọ àrán lọ́jọ́ ọdún! Kò sì janu. Nítorí náà, kí Adérẹ̀mí bá ọ lọ. Bí ẹṣin bá gbà, àna mi náà á gbà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọkà bàbà aboyún wa, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Àmọ́ èyí tó o ní o fẹ́ fi kan òrùlé wa, má fi ránṣẹ́ o. Mo ti gbé igbá síbi tó ń jò. Ẹ gbé owó yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọlọ́run tó rántí Ayaba lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ yóò rántí rẹ lọ́sàn-án gangan. Wàá pọ̀n, wàá gbé jó, ọwọ́ mi yìí ni yóò wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ níbẹ̀ pé ta ló rán ọ wá, má tijú, sọ fún wọn pé abo ẹṣin àgbà kan ní Ìtapàjí ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ojúọlá.