Ẹni Tó Jókòó sí Àyè Mi Nínú Bọ́ọ̀sì

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, ẹ má fòyà.

Àná la parí ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ wa wá kọ́ àwọn ọmọ níbí. A di ara wa lọ́wọ́ mú, a gbàdúrà ìdágbére. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, mi ò lajú títí mo fi gbọ́ àmín tó kẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo lajú, bọ́ọ̀sì wa ti lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé ní, “Tíṣà, ṣebí ẹ ti lọ? Ẹ juwọ́ sí wa lójú fèrèsé.”

Ó pe awakọ̀ lórí fóònù. Awakọ̀ ní gbogbo wa pé, pé èmi gan-an ni mò ń dárin. Mo gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí o!

Wọ́n ti fún mi ní yàrá tó dáa. Bàtà àwọn tó wá kọ́ni lọ́dún tó kọjá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti àbúrò mi. Ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì yẹn á ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dijú.

Èmi ọmọ yín ni.