Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Tí Kò Sọ Ohun Tó Gbọ́

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà, mo sì kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ara wa le níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ tó o ní kó wá bá wa ni mo fẹ́ sọ, obìnrin tó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn tó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe lébìrà lókèèrè. Mo gbà á lálejò nítorí tìrẹ, ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń fura sí i. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Mo kí ẹni tó wà nínú rẹ̀, mo ní ẹ káàsán o, kò dáhùn. Mo tún un kí, ó dákẹ́. Ìyá rẹ ní bóyá àgbà ni. Mo ní bó bá jẹ́ àgbà, kí ló dé tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀?

Lẹ́yìn náà ló yọ fọ́ọ̀mù. Ó ní òun kò ní kọ orúkọ mi síbẹ̀, pé Ẹni Kẹtàdínlógún ni òun yóò máa pè mí, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí bàbá mi! Ó tún kà á pé mo lè yí ọkàn padà nígbàkígbà, kí n dìde kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi mí pé kí ló dé. Mo bi í pé inú ilé mi nìyí, níbo ló fẹ́ kí n dìde lọ? Mo kúkú fọwọ́ sí i. Nígbà tó wá béèrè pé ta ló ti ilé mi lọ tí kò padà, mo ní kò sí. Ìyá rẹ wò mí, ó sì gbójú sílẹ̀.

Ó ní òun rí i pé a kì í sọ inú wa fún àlejò, kí n bá òun wá amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí yóò máa wọlé tọ àwọn ènìyàn, tí yóò máa bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rìnlá. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ lè pa àṣírí mọ́. Akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa ti ra báírò mẹ́ta, ó ti ní kí a máa pe òun ní Olùwádìí Àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Dákẹ́ ni mo mú, ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósófíìsì. O mọ̀ ọ́n, òun ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì tí kò sọ fún ẹnì kankan, igbe méjì tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà la fi mọ̀. Wọ́n fún un níwèé pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá gbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi gíláàsì tó fi ń wo inú aago kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i.

Àwọn ènìyàn tú inú wọn fún un. Opó káfíńtà nìkan lo odidi ọ̀sán kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ padà dé, tó ní kó jábọ̀ ohun tó gbọ́, Dákẹ́ ní òun ti fọwọ́ síwèé. Obìnrin náà ní òun gan-an lòun ni ìwé náà. Dákẹ́ ní ìwé wí pé ẹnikẹ́ni, kò wí pé ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin, mà. Ọ̀gá rẹ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá mọ̀ pé ìfura mi kò ṣe lásán. Ẹni tó ní kí ọmọlúàbí ṣèlérí lánàá, tó tún ní kó dà á lónìí! Mo sọ fún un pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Àpò òfìfo ló gbé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yan kiri. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ dé láti ilé opó káfíńtà, ó ní obìnrin náà ń wo òun tàánútàánú. Opó náà ní ọmọ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà lókèèrè, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti bẹ òun kí òun má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kìkì Dákẹ́ lòun sọ ìyókù fún, nítorí pé ti Dákẹ́ níwèé nínú.

Ọdún kẹfà nìyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé báàgì jáde, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ní bó bá lọ kó má padà. Mo lọ bá Dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó má sọ púpọ̀, kó ṣá ti sọ fún mi bóyá ara ọmọ mi le. Ó fi gíláàsì sójú, ó tẹríba sórí aago. Mo ní èmi ni mo fi í síṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gbé àpò irinṣẹ́ wá. Ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ tààrà, ó yọ aago tó ti kú láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ kúrò lára ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún un ṣe. Mo béèrè iye owó, ó mi orí. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá lanu. Ó ní, "Bàbá, mi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí fèrèsé yàrá yìí."

Mo ti fura sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́nà mẹ́rin, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. A kì í tún aago ṣe fún ẹni tí kò ní béèrè pé aago mélòó ló lù.

Nítorí náà, fi owó fóòmù ibùsùn yàrá náà ránṣẹ́, eku ti jẹ ti àtijọ́ tán, kí o fi owó ọ̀dà agolo kan kún un. Mi ò ní ẹnikẹ́ni ń bọ̀ o. Má sọ fún ọ̀gá rẹ, kó má lọ sọ ọ́ di Ẹni Kejìdínlógún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ, sọ fún un pé ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti yí ọkàn padà. Ó wà nínú ìwé pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi mí pé kí ló dé.

Ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ. Àtilọ rẹ, àtibọ̀ rẹ, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ, yóò sì ṣọ́ ẹni tí mi ò dárúkọ.

Èmi ni bàbá yín,
Ẹni Kẹtàdínlógún