Ọ̀tún Àyà Màmá Tí Mi Ò Yẹ̀ Wò

Ẹ bá mi kí àwọn dókítà ICU ayé òde òní kú orí ire. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ scan kékeré kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, tí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ní Bódìjà kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè béèrè pé kí lèyí. Àwọn tí kì í fi ẹ̀rọ náà kan àyà aláìsàn àfi tí fóònù bá ti dúró lápá kan, tí fọ́tò á sì ti bọ́ sórí status kí gel tí wọ́n fi pa àyà aláìsàn tó gbẹ, "Just doing what I love." Kábíyèsí o, ẹ̀yin ọba onífọ́tò! Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló gbé mi wá síbí lónìí... ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú. Admin, jọ̀ọ́, bo orúkọ mi. Ẹ̀yin ará ibí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Dókítà ni mí, ní ICU ilé ìwòsàn kan nínú Ìbàdàn yìí, ẹ má bi mí pé èwo. Màmá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ṣakí tó ń gbé Agbowó. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àràárọ̀ là ń ya àyà rẹ̀ ní X-ray lórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá Mùfú ló sì ń ti ẹ̀rọ X-ray gàgàrà yẹn wá, táyà rẹ̀ á máa ké bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Nígbà tí scan kékeré dé, ọ̀gá wa sọ pé dókítà tó bá ti fi scan yẹ ọ̀tún àti òsì wò dáadáa lè fo X-ray ọjọ́ yẹn. Ẹ gbọ́ o, ọ̀tún àti òsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo scan Màmá. Lójú scan, ẹ̀dọ̀fóró tó bá ń mí dáadáa máa ń rìn lábẹ́ egungun ìhà, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí èèrà tó tò lọ. Mo rí èèrà lápá òsì. Apá ọ̀tún... ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí ló dúró níbẹ̀, wáyà níhìn-ín, rọ́bà lọ́hùn-ún, àyè há, mi ò débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sínú fáìlì ni pé méjèèjì dára. Ìgbà náà ni Bàbá Mùfú ti ẹrù wọn wọlé, wọ́n ní, "Dókítà mi, mo ti dé o, ẹ jẹ́ n ya Màmá." Mo ní, "Bàbá, ẹ máa ti katakata yín lọ, ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn." Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lọ, wọ́n ní, "Ẹ ti wo ọ̀tún náà? Ìdajì kọ́ ni àyà èèyàn o." Mo ní a ti wò ó. Wọ́n yí ẹ̀rọ wọn padà.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ètè wọn ń ṣú. Wọ́n sáré pe Bàbá Mùfú padà, wọ́n ya àyà... afẹ́fẹ́ ti jò jáde lára ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó ti kún inú àyà, ó tẹ ẹ̀dọ̀fóró náà pẹlẹbẹ bí ọ̀rá tí wọ́n jókòó lé. Ọ̀gá wa ki rọ́bà bọ ìhà wọn kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde. Màmá ò kú, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn lẹ́nu ẹ̀rọ bí ẹni ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, títí di òní wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ wọn tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, á ní Ọlọ́run ló lò mí. Ṣé ẹ mọ bí ìkúnlẹ̀ yẹn ṣe ń gún mi?

Ibi tó burú sí nìyí. Àwọn ọ̀gá bi wá pé kí ló dé tí a ò ya X-ray láàárọ̀, torí mi ò kọ ọ́ sí fáìlì pé èmi ni mo ní kí wọ́n fò ó, ẹnì kan ní bóyá Bàbá Mùfú ni ò wá. Mo wà níbẹ̀... mo dákẹ́. Wọ́n fún Bàbá ní query. Bàbá wá bá mi ní kọ́rídọ̀, wọ́n ní, "Dókítà mi, ẹ ṣáà rántí pé mo wá?" Èmi ọmọ tí wọ́n bí dáadáa, mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn o, mi ò rántí mọ́." Wọ́n wojú mi. Wọ́n ní kò burú, wọ́n sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá máa jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọn ò dárúkọ mi nínú ìwé tí wọ́n fi fèsì, ohun tí wọ́n kọ ò ju pé wọ́n dá àwọn padà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín ò rántí nǹkan kan mọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, fáìlì tí mo purọ́ sí lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, Bàbá á gba ilé lọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ Bàbá? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ Màmá?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá mi lóhùn, mo ti purọ́ fún ẹ̀yin náà lókè yẹn. Àyè ò há lápá ọ̀tún. Apá òsì ni fèrèsé wà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa fún fọ́tò. Mo gbé fóònù ti ara tábìlì, mo rẹ́rìn-ín sí i, fọ́tò náà sì ti wà lórí status mi kí Bàbá Mùfú tó wọlé. Èmi náà ya á.