Abẹ́rẹ́ fún Ẹ̀gbẹ́ Ojú Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Dípò kó wo ọ̀nà, èmi ló ń wò nínú díńgí. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, apá ọ̀tún ojú yín dà bíi ti ẹni tó ń jà, apá òsì dà bíi ti ẹni tó ń sùn." Mo ní kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń rí i. Ìlà iwájú orí, ìlà tó sọ̀ láti imú dé ẹnu — ọ̀tún nìkan. Òsì ń dán bí abọ́ tuntun. Oòrùn ni. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní wíwa ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mò ń jókòó, fèrèsé wà lọ́tùn-ún mi, oòrùn ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jẹun. Bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ yẹn, torí mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Oòrùn ò ní bíréèkì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Bàbá Jẹ́jẹ́ tún ń wò mí nídìí oúnjẹ. (Ọkọ mi. Kì í sọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.) Bí mo bá gbójú sókè, á sáré wo abọ́ rẹ̀. Bí ẹni ń wo ọjà tó ti fẹ́ bàjẹ́. Ó dájú pé ó ti rí ẹni tí ojú tirẹ̀ ń dán níbì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Àbúrò mi obìnrin wá kí wa. Ojú rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ó fi jẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ń fi nǹkan bíi jẹ́ẹ̀lì sábẹ́ awọ, ibi tó jìn á kún, ìlà á pòórá. "Fílà ni wọ́n ń pè é, ẹ̀gbọ́n mi." Mo ní fìlà wo? Èyí tí ọkùnrin ń dé? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ó ń kánjú jù. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un bó bá mú orí mìíràn wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Àga tó ń nà sẹ́yìn, iná funfun, lọ́fínńdà tó ń gún imú. Obìnrin náà ń pe gbogbo èèyàn ní "ẹwà mi". Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́wà — ẹ̀wà tí à ń sè ni mo ní lọ́kàn.

Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú bí ẹni ń yan tòmátì. Ó ní òsì mi ṣì jẹ́ ti ọmọge, ọ̀tún ni òun á kún kó lè bá a dọ́gba. Mo béèrè orúkọ oògùn. "Èyí tó dára jù ni, ẹwà mi." Mo ní kí n rí páálí rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nù. Síríńjì ti wà nílẹ̀, oògùn ti wà nínú rẹ̀ kí n tó dé. Mo ní bí ọwọ́ bá ṣì ńkọ́, kí lẹ máa fi yọ́ ọ? Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń yọ́ ẹwà dànù?"

Mo gbé báàgì mi. Páńsá ò fura, páńsá jáná.

Àbúrò mi tó mú mi lọ bínú títí a fi délé. Ó ní mo dójú ti òun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Tíì ń kán láti igun ẹnu mi sára aṣọ. Ehín ni. Ó yẹ kí n lọ yọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n fẹ́ lẹ àwòrán olùkọ́ mọ́ ara ọkọ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ya tèmi, wọ́n tún un yà, wọ́n tún un yà. Ọ̀gá ní bóyá ká lo ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ má bínú, mà, nínú gbogbo rẹ̀ ó dà bíi pé ẹ ń fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mo ṣì fẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n dókítà awọ gidi ló máa gún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Dókítà Awọ. Obìnrin kékeré, kò mọ ẹ̀rín. Mo ti dá a lẹ́bi kí n tó jókòó. Òun ló kọ́kọ́ kó páálí síwájú mi: orúkọ wà lára rẹ̀, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀. Ó ní èyí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, oògùn tó ń tètè yọ́ ọ sì wà lọ́wọ́ òun. Ibikíbi tí wọn ò bá ti ní i, kí n sá. Ó ní àwọn kan ń gún ohun tí kò ní yọ́ láéláé. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ojú lè fọ́. Ó béèrè oògùn tí mò ń lò, àìsàn, ehín. Ọlọ́pàá ò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà: ẹ hun iwájú orí yín, mà. Ẹ di ojú méjèèjì pinpin. Ẹ fi ehín yín hàn. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó fi ìka tọ abẹ́ etí òsì mi, ìka náà dúró síbì kan.

"Mà, kò sí ohun tó ṣe apá ọ̀tún yín. Ọjọ́ orí ni. Apá òsì ni mò ń wò."

Ó ní òsì ò hunjọ nítorí pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Òun ò ní gún mi. Kí n lọ ya àwòrán inú ara, kíákíá.

Mo bínú jáde. Wọ́n ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹni tí wọn á fi sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo fọwọ́ kan abẹ́ etí náà fúnra mi. Ó wà níbẹ̀. Ó le. Ó tó orí àtàǹpàkò.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́ láàárọ̀. Mo retí kó fò sókè. Ńṣe ló rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ojú òsì rẹ kì í pa dé mọ́ tó o bá sùn."

Láti ìgbà wo? Ó pẹ́. Ó ní òun á jí, òun á rí i tó ń wo òun, òun á rò pé mi ò sùn. Òun á wá fi ìka rọra pa á dé fún mi.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ.

"Bí mo bá wojú rẹ, ìjà ni. O ní ìlà ni mò ń wò. Ìlà wo? Ẹ̀rù ló ń bà mí."



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àbúrò mi ló tẹ̀ lé mi lọ ya àwòrán náà. Kò bínú mọ́. A jókòó títí kó tó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ní wọ́n kọ sára páálí yẹn?" Mo sọ fún un. Ó ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Kò béèrè páálí nígbà tirẹ̀. A ti gba ìwé ọjọ́ tí Dókítà Awọ máa rí òun náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kókó ni, níbi tí itọ́ ti ń wá lábẹ́ etí. Iṣan tó ń mú ojú ṣiṣẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Oníṣẹ́ abẹ ní òun gbọ́dọ̀ gé e kí òun tó mọ irú èyí tó jẹ́. Apá òsì lè padà, ó lè má padà. Mo wá irọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí.

Mo ní kí wọ́n gé e.

Ó ní ṣé a ní ìbéèrè. Bàbá Jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, nawọ́ bí ọmọ iléèwé. Ó ní ta ló máa bá òun pa ojú ìyàwó òun dé lálẹ́ ní wọ́ọ̀dù? Nọ́ọ̀sì ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn ní báńdéèjì.

Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wá àga kan.